Ìyá Alámì àti Rédíògíráàmù Olóògbé

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Yábà láyé ìgbà náà, tí ẹ ní Ìyáàfin Gertrude Bọ́lárìnwá lẹ ń wá, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Alámì lẹ ń wá, gbogbo àwọn tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ ló máa nàka lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á tún fi kún un pé kí ẹ má gbé nǹkan kan níbẹ̀ o, torí ìyá yẹn á mọ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, gbogbo wa la ń fi àmì sábẹ́ abọ́. Ta ló máa yá olókùú ní abọ́ tánńganran láìsàmì sí i, kí abọ́ tuntun lọ, kí èyí tó ti lu padà wá? Ṣùgbọ́n ti Ìyá Alámì ti kọjá abọ́. Ó ní ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tí kò kùn sí èékánná rí láyé rẹ̀. Ó fi kán ìdí abọ́, ó fi kán ìdí ìkòkò, ó fi kán abẹ́ àga. Ó ń fi èédú fàlà sára ìgò epo, kó lè mọ ibi tí epo dé nígbà tó jáde àti ibi tó dé nígbà tó wọlé. Iṣu pàápàá, ó ń sàmì sí i lórí. Mo ní iṣu! Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní, "Ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá já sína; àjà ò fura, àjà jìn." Ta ló máa bá a jà sí ìyẹn?

Kì í kúkú ṣe pé ó bá ìwà yẹn wáyé. Nígbà tí wọ́n sọ Rosaline, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lórúkọ, gbogbo abọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n kó jáde fún àlejò, àlòkù tó ti lu ló padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó tún ku ti rédíò kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ gbé fún alátùn-únṣe kan nígbà kan rí. Nígbà tí rédíò padà dé, ohùn rẹ̀ ti ha bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Onítọ̀hún ti yọ gílóòbù ojúlówó tó ń mú rédíò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ti fi ògbólógbòó rọ́pò. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Alámì bá rí ẹni tó mú irin tí wọ́n fi ń tú rédíò lọ́wọ́, á ti kó ẹrù rẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà sì bá a lára mu. Òun ló ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń gbé inú ọgbà. Ṣúgà kì í dín lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ kì í sọnù. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, àwọn alásè ò sì fẹ́ rí i sójú. Bó ṣe wà nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀, Christopher, akọ̀wé ìjọba ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àmì yìí. Nígbà tó kú, àwọn mọ̀lẹ́bí kó ohun tí wọ́n fẹ́ kó, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí opó rẹ̀ dúró tì gbọin tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn. Rédíògíráàmù kan ni. Ó ga dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, igi ara rẹ̀ ń dán. Rédíò wà lápá kan, ibi tí wọ́n ń gbé àwo orin sí wà lápá kejì. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé, bàbá á gbé àwo orin mímọ́ sí i, á máa fẹsẹ̀ lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyá ló ń gbé àwo náà sí i. Kì í fẹsẹ̀ lulẹ̀ ní tirẹ̀. Á kàn jókòó.

Lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n pa pọ́n-ùn rẹ́ tí wọ́n fi náírà rọ́pò rẹ̀, lọ́jọ́ ìsinmi kan, orin ń lọ lọ́wọ́ ni iná bá lọ. Ó dé. Ó tún lọ. Èyí tó tún dé yìí fi tipátipá dé, gbogbo gílóòbù ilé mọ́lẹ̀ gbòò. Rédíògíráàmù kùn hùn-ùn, òórùn rọ́bà tó jóná jáde lẹ́yìn rẹ̀, ohùn orin fà, ó fà, ó sì dákẹ́.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Ìyá Alámì nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú yàrá!

Rosaline ti dàgbà nígbà náà, ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Ó ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde, ó wá ní, "Màmá, mo mọ ẹnì kan tó lè tún un ṣe."

"Ta ni?"

"Ọláìtán ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdí-Òrò, ní Múṣin." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Òun náà ni mo ti fẹ́ kí ẹ rí, ọjọ́ ti pẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ìyá jókòó. "Ó ti wá hàn. Ọmọ ibo ni?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, mà."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Alátùn-únṣe rédíò? Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà l'Ékòó, Rosaline, àwọn tó yọ gílóòbù bàbá ẹ lo lọ bá?"

"Màmá, òun kọ́ ló yọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, n ò sì fẹ́ ṣe é láìsí yín. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ títí. Òun náà, ọmọ yìí nìkan ló ní, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà á. Abọ́ tó bá sọnù, èèyàn á ra òmíì. Ọmọ tí èèyàn bá fi lé olè lọ́wọ́ ńkọ́? Ó wá ní, "Kó wá. Kó wá tún ti bàbá ẹ ṣe. Ibẹ̀ la ti máa mọ irú ẹni tó jẹ́."

Inú Rosaline dùn, ó fò mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ ọ̀hún rò pé wọ́n ti fún òun láyè. Àyè wo? Tàkúté ni ìyá ń dẹ.

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí Rosaline lọ fi orin kọ́ra pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, Ìyá Alámì ti ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀bẹ oúnjẹ tú páálí ẹ̀yìn rédíògíráàmù, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì, ó sì fi ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ tó nínú ibẹ̀. Ó kán gílóòbù, ó kán ìdí agbóhùnjáde, ó kán wáyà tó nípọn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, irin wúwo kan wà tó dà bí búlọ́ọ̀kù kékeré, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra bí ewé ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Ó kán èyí tó wà lókè pátá. Ó fẹ́ ẹ lẹ́nu títí ó fi gbẹ, ó sì dá páálí padà. Nígbà tí Rosaline dé, ìyá ń ṣa ìrẹsì.

Ọláìtán dé lọ́jọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìbìkítà fún ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Ìyá kí i káàbọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára àpò irinṣẹ́ rẹ̀: báwo ni ẹnu àpò yìí ṣe tóbi tó? Kí ló lè wọ inú rẹ̀? Ọmọkùnrin náà tú ẹ̀yìn rédíògíráàmù, ó tẹrí bọ ibẹ̀, ó gbóòórùn, ó mi orí.

"Tiransifọ́mà ló jóná, mà," ó ní. "Irin tó wà nísàlẹ̀ yìí ni. Òun ló máa ń gba iná lára ògiri, tó máa dín in kù kí rédíò lè rí i lò. Iná tó fi agbára dé yẹn ló jó wáyà inú rẹ̀. Irin rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń tà lóde báyìí ò lágbára tó o. Wáyà yẹn ni màá tú kúrò, màá wé tuntun sí i."

"Níbí?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wé e wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màá gbé e lọ."

Háà! Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Alámì ń dúró dè gan-an nìyẹn. "Ìwọ á gbé e lọ. Ṣé irin tèmi náà ni yóò padà wá?"

"Irin yín náà ni, mà."

"Kò burú. Ọlọ́run ń gbọ́."

Ẹ gbà pé oorun kun ìyá yìí? Kò kùn ún rárá. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wé gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìdí-Òrò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbúrẹ́dì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń díbọ́n bí ẹni tó ń yan búrẹ́dì. Ó fọwọ́ tẹ èyí, ó fọwọ́ tẹ ìyẹn, títí oníbúrẹ́dì fi ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí ni?" Kò gbọ́. Ohun tó rí ló gbà á lọ́kàn. Òkú tiransifọ́mà ẹlòmíràn kún inú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lórí tábìlì, Ọláìtán ti tú ọ̀kan palẹ̀, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ rẹ̀ fọ́n káàkiri. Ó mú ewé irin kan, ó gbé e sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé e sílẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ó ti fọ́ ọ," Ìyá Alámì wí sínú. "Ó ti fọ́ irin Christopher, ó fẹ́ pín in fún àwọn oníbàárà rẹ̀." Kò ra búrẹ́dì. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Kò sọ fún Rosaline. Ẹni tó bá dẹ tàkúté kì í pariwo lẹ́bàá rẹ̀.

Nígbà tí Ọláìtán padà dé, Rosaline ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran. Ọmọkùnrin náà wọ abẹ́ rédíògíráàmù lọ, ó jó wáyà mọ́ra, ó dè é padà, ó tan iná. Ohùn jáde. Olúwa ò! Àwo orin bàbá tó wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ ìsinmi burúkú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó mọ́ gaara, ó tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi bọ́ lójú Ìyá Alámì kó tó mọ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ká sọ òótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní, "Ọmọ mi, o ṣé." Rosaline wojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí.

Ṣùgbọ́n ìwà lòrìṣà. Nígbà tí ọmọkùnrin náà jókòó ti oúnjẹ, ìyá mú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ sẹ́yìn rédíògíráàmù. Ó tan iná sí gílóòbù, ẹ̀kán pupa wà. Ó tan án sí agbóhùnjáde, ẹ̀kán pupa wà. Wáyà, ó wà. Ó tan án sí tiransifọ́mà. Òkè rẹ̀ dúdú mọ́lọ́mọ́lọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí.

Ó jáde lẹ́yìn rédíògíráàmù, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, irin tèmi dà?"

Ọláìtán gbé ṣíbí sílẹ̀. "Irin yín ló wà níbẹ̀, mà."

"Mo fi àmì sí i! Mo fi àmì sí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pé, àfi èyí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tó o gbé jáde. Àmì mi dà?"

Ọmọkùnrin náà ò bi í pé àmì wo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó wo Rosaline, ó wo ìyá, ó ní, "Irin yín ni, mà. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

"O ò tiẹ̀ bi mí pé àmì wo! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á bèèrè. Olè! Ẹni tó jí irin lónìí, ọmọ ni yóò jí lọ́la."

"Màmá!" Rosaline ké.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọláìtán fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ omi, ó ní, "Ẹ ṣé fún oúnjẹ, mà," ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Rosaline kúnlẹ̀, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó ní kí ìyá jọ̀ọ́, kó pè é padà. Ìyá ní, "Bí o bá fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí mọ́." Ṣé ó rò pé ọmọ náà máa gbà? Ó rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bí ni, agídí rẹ̀ ò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kó tó di òpin oṣù, Rosaline ti kó ẹrù rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Àga ìyá ìyàwó ṣófo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jẹ́ ìyà gan-an. Rédíògíráàmù ò bàjẹ́. Ìyá Alámì sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé irin ayédèrú ni, kò ní pẹ́ jóná. Ó ń dúró dè é. Bó bá tan án, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń gbóná. Kò gbóná. Iná á lọ, á dé tipátipá, á ní, "Òní ni." Orin á tún bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé, òjò mìíràn tún rọ̀, nǹkan yìí ń kọrin lọ. Bó ṣe ń kọrin tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bí ìyá nínú. Ó tó àsìkò tí kò fẹ́ tan án mọ́. Kì í wí i síta o, ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà kí rédíògíráàmù ọkọ rẹ̀ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Edith, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Gertrude, Rosaline ti bímọ o. Ọkùnrin làǹtì-lanti."

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo ní ọmọ ẹ ti bímọ!"

"Kí ni wọ́n ń fẹ́?" ni Ìyá Alámì wí. Edith wò ó bí ẹni tó ń wo aláàárẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ kejì, ó sàmì sí orí iṣu tuntun.

Ọdún tí àwọn àlejò láti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀dúdú wá jó ní Ìgànmú ni àdúrà rẹ̀ gbà. Wáyà já lórí òpó iná àdúgbò, gbogbo òpópónà gbọ́ òórùn. Fíríìjì jóná, fáànù jóná, rédíògíráàmù olóògbé náà dákẹ́. "Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni Ìyá Alámì pariwo nínú òkùnkùn. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, torí kò sẹ́ni nílé.

Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ṣàíbù, arúgbó kan tó ń tún rédíò ṣe ní ìdí ọ̀nà Ìwáyà, ṣùgbọ́n ìyá sọ fún un pé nǹkan kan ò ní jáde nílé òun: pálọ̀ òun ló ti máa ṣe é, lójú òun. Bàbá Ṣàíbù ní òun gbọ́, kó sáà ti bá òun wá omi tútù sí gaàrí. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó gbé tiransifọ́mà náà sórí rẹ̀, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

"Ta ló wé èyí tẹ́lẹ̀?"

"Olè kan ni."

"Olè ọ̀hún mọṣẹ́ o," ni Bàbá Ṣàíbù wí. "Ẹ wò ó bó ṣe tò ó. Iná ọjọ́ yẹn ì bá pa erin." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn irin pẹlẹbẹ náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn. Ìyá Alámì jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ológìnní. Irin dúdú, irin dúdú, irin dúdú. Bàbá Ṣàíbù dé àárín, ó fa ọ̀kan yọ, ó gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀kán pupa kan wà lórí rẹ̀.

"Dúró!" Ìyá Alámì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló fi ìyẹn síbẹ̀? Ìwọ lo fi sí i?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi sí i, lójú yín níbí?"

"Òkè ló wà! Mo fi ọwọ́ ara mi kán an sí èyí tó wà lókè pátápátá. Báwo ló ṣe dé àárín?"

Bàbá Ṣàíbù rọra gba ọwọ́ rẹ̀. "Màdáámù, kò sí bí wọ́n ṣe lè wé wáyà láìtú gbogbo irin yìí kúrò, bí mo ṣe ń ṣe yìí. Bó bá parí, á tún wọn tò. Tòkè lè di tàárín, tàárín lè di tìsàlẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irin yín náà ló wé, ló fi tún un tò."

Ìyá Alámì lọ sí yàrá, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì wá. Ó ti gbẹ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kán náà, ó wò ó nídìí fèrèsé, ó tún wò ó. Pupa kan náà ni. Ó wá ohun tó lè fura sí, kò rí. Ọlọ́run mi, ó wá a o! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gaàrí Bàbá Ṣàíbù, ó ní, "Mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Mo lé ọmọ mi."

Ó di ewé irin náà sínú áńkáṣíìfù, ó wọ bọ́ọ̀sì Ìdí-Òrò bó ṣe wà, láìwé gèlè. Ọláìtán wà ní ìdí tábìlì rẹ̀. Rosaline jókòó lórí àpótí nítòsí, ó pọn ọmọ. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó dìde, kò sì sáré wá.

Ìyá Alámì tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Ọláìtán fò dìde, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà, ẹ má kó èpè bá mi."

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Àárín ló wà. Àmì mi wà láàárín. Ìwọ ò jalè. Èmi ni n ò mọ̀. Ká ní o rí àmì náà nígbà yẹn, o ì bá ti fi hàn mí, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán."

Ọláìtán wo irin náà. "Màmá," ó ní, "mo mọ̀. Mo rí i."

Ìgbà yẹn ni ìyá rántí ọjọ́ oníbúrẹ́dì: ewé irin kan tó gbé sókè, tó yí síbí, tó yí sọ́hùn-ún.

"Mo mọ̀ pé àmì ni, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi sí i," ni Ọláìtán wí. "Ó dùn mí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ sì ti pè mí lólè nínú ọkàn yín kí n tó dìde. Mo wá ní, ó dáa. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í sí àárín. Mo ní bí ẹ bá fọkàn tán mi, ẹ ò ní wá a. Bí ẹ bá wá a, kí n mọ irú ilé tí mo fẹ́ wọ̀."

Ìyá Alámì wò ó. Ká ní òun ló wà nípò rẹ̀, ohun tí òun náà ì bá ṣe gan-an nìyẹn. Òun àti ọmọkùnrin yìí, tàkúté kan náà ni wọ́n jọ ń dẹ. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

Ṣùgbọ́n Rosaline ò gbọ́ ọ rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń sùn tí wọ́n jọ ń jí. "O rí i?" ó bi ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Àmì yẹn wà lọ́wọ́ ẹ, o sì fi pamọ́? Èmi kúnlẹ̀ lójú ẹ, mo ń bẹ ìyá mi, ìwọ ń wojú mi?"

"Rosaline, mo..."

"N ò ní ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. N ò ní ìyá lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ìyá onílé ló di ọwọ́ mi mú. Àṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń dán ara yín wò, èmi lẹ fi ń sanwó rẹ̀."

Rosaline tú ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ni ti Christopher gan-an. Ó wo ìyá àgbà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ọwọ́ tó dì í mú, ó fà sẹ́yìn, ó tún wò ó. Ìyá Alámì mọ irú ojú yẹn dáadáa. Ojú tí òun fúnra rẹ̀ fi ń wo gbogbo ayé ni. Ọmọ náà la ẹnu, ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀, ó ń tiraka bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé.

Ìyá Alámì fẹ́ dá a padà. Rosaline ò gbà á.

"Ẹ jẹ́ kó sunkún," ó ní. "Kò mọ̀ yín ni."